Bí A Ṣe Wá Ẹ́ńjìnnì Fún Ọkọ̀ Ṣọ́jà Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju táyà ọkọ̀ bàbá mi lọ, mo rò pé gbogbo ilé tó wà ní Bantè, ìlú wa, ló ní ọkọ̀ ṣọ́jà tiwọn. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni mo tó mọ̀ pé àwa nìkan ni. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí ẹ dàgbà ní agbègbè wa, ó dá mi lójú pé ẹ rántí rẹ̀. Ọkọ̀ gíga ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé gbágùúdá tó ti gbó, imú rẹ̀ gùn, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Òun ló ń kó iṣu láti Akpassi àti Pira wá sí ọjà Bantè, nígbà mìíràn a sì máa gbé e dé Savalou. Bí ẹ bá ti jókòó sórí òkìtì iṣu rí nínú ọkọ̀ náà, bí ẹ̀yin fúnra yín bá tilẹ̀ gbàgbé, ìdí yín kò ní gbàgbé.

Ṣọ́jà ni bàbá mi tẹ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé òun kò yìnbọn sí ẹnikẹ́ni rí, ọkọ̀ ni òun wà. Ọkọ̀ yìí gan-an ló sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń ta àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn Faransé fi sílẹ̀, ó ra tirẹ̀, ó sì wà á wálé láti bárékè. Ìyá mi máa ń sọ pé bí ojú bàbá mi ṣe dán lọ́jọ́ náà, kò dán bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn méjèèjì. Bàbá mi á ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ sókè.

Nítorí náà, ilé wa jọ bárékè díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó gbálẹ̀, a ó pọn omi sínú àmù, a ó sì pọn ti ọkọ̀ náà sọ́tọ̀, nítorí pé òùngbẹ a máa gbẹ ọkọ̀ náà ju ènìyàn lọ. Lẹ́yìn náà ni a ó fi igi ṣóńṣó ha ẹrẹ̀ kúrò láàárín eyín táyà. Ẹni tó bá ha tirẹ̀ mọ́ tónítóní ni yóò kọ́kọ́ mú nínú iṣu sísun tí ìyá mi ń yọ látinú eérú, tí a ń fi epo pupa àti iyọ̀ jẹ. Iṣu náà á máa jó wa lọ́wọ́, a ó máa jù ú láti ọwọ́ ọ̀tún sí ti òsì, a kò sì ní gbé e sílẹ̀, nítorí àbúrò mi ọkùnrin kì í béèrè kí ó tó mú nǹkan.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni bàbá mi kì í dárí jì: kí ọmọdé fọn fèrè ọkọ̀ náà. Bí a bá ti gbọ́ “Gàádàvú!” lẹ́nu rẹ̀, àṣẹ Faransé tó ń ní kí ṣọ́jà dúró ṣánṣán, ẹni tó ṣẹ̀ ti mọ ibi tó ń lọ. Yóò dúró gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú bí ṣọ́jà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ níbi itan, àyà níta, kò gbọdọ̀ lé eṣinṣin. Ìyá Àgbà nìkan, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, ló lè dá ẹjọ́ náà dúró. Á kàn sọ láti ibi tó jókòó sí pé, “Ìwọ yìí, nígbà tí o wà ní ọmọdé, kí ni o kò fọn?” Bàbá mi á rẹ́rìn-ín músẹ́, ìyà tán nìyẹn.

Eré wa pàápàá, eré ọkọ̀ ni. A máa ń fi agolo sàdíìnì ṣe ara ọkọ̀, a ó gé àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tó ti já ṣe táyà, òkúta wẹ́wẹ́ ni iṣu wa. Èmi ni dírẹ́bà nígbà gbogbo. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ń rojọ́ pé obìnrin kì í ṣe dírẹ́bà, ṣùgbọ́n wọn kò lè rojọ́ náà pẹ́, torí pé ilé ta ni ọkọ̀ gidi wà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ẹ́ńjìnnì. Èyí tó bá ọkọ̀ náà wá láti bárékè, pẹtiróòlù ló ń mu, èyí tí àwa ń pè ní ẹsáǹsì, mímu rẹ̀ sì ti kọjá ààlà. Bàbá mi ní ọmọ ìyá kan náà ni ẹ́ńjìnnì yẹn àti ọ̀mùtí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, lójú ọ̀nà Pira, a gbọ́ ìró kan gbàù, irin inú rẹ̀ kan já, ó sì dá ihò sí i níkùn. Gbogbo ọ́ìlì rẹ̀ dà sílẹ̀. Tírákítọ̀ àwọn àgbẹ̀ olówùú ló fà á wálé. Orí àpáta pẹrẹsẹ tó wà níwájú ilé wa ni wọ́n fi í sí, ibẹ̀ gan-an ni Ìyá Àgbà sì ń sá èlùbọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn parí, ọkọ̀ kò kúrò. Adìẹ yé ẹyin sórí ìjókòó bàbá mi. Àwọn tó ń ra irin àlòkù wá, wọ́n yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù. Ìyá Àgbà pe bàbá mi síwájú gbogbo wa.

“Mo fún ọ di ìgbà iṣu tuntun. Bí a bá wa iṣu tuntun, tí nǹkan yìí kò dìde kó rìn, kí àwọn oníirin wá gé e. Èlùbọ́ ló ń bọ́ wa báyìí, kì í ṣe ọkọ̀.”

Bàbá mi ní, “Mo gbọ́, Ìyá.” Ṣọ́jà ni, ó mọ ohun tí àṣẹ jẹ́. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo rí i tó mú aṣọ, tó ń nu iná iwájú ọkọ̀ náà, iná tí kò tàn láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹkún gbọ̀n mí. Kì í ṣe irin lásán ni wọ́n fẹ́ gé, orúkọ ilé wa ni. Ní ilé ẹ̀kọ́, wọn kì í pè wá ní orúkọ bàbá wa, “àwọn ọmọ ọlọ́kọ̀ ṣọ́jà” ni wọ́n ń pè wá. Bí wọ́n bá gé ọkọ̀, kí ni wọn yóò máa pè wá?

Bàbá mi pinnu pé ẹ́ńjìnnì onígásóyìlì, ìyẹn èyí tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì, ni òun yóò fi sí i. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lẹ́yìn oúnjẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ya ẹ́ńjìnnì sórí ilẹ̀: “Ẹsáǹsì ń sáré, gásóyìlì ń fà. Ẹni tó ru iṣu nínú ẹrẹ̀, fífà ló nílò.” Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì ló bá ọkọ̀ ṣọ́jà mu. Bí ó bá wúwo jù, yóò dá irin abẹ́ iwájú. Bí ó bá gùn jù, ìdérí kò ní pa dé. Bí ó bá sì jẹ́ èyí tó fẹ́ràn eré, asán ni, nítorí pé wọ́n kò ṣe jíà ọkọ̀ náà fún eré. Bàbá mi gé ọwọ́ imọ̀ ọ̀pẹ kan ní ìwọ̀n ibi tí ẹ́ńjìnnì yóò jókòó sí. Kò sí ibi tó ń lọ tí kì í mú ọ̀pá náà dání. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún.

Ó gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì kan wà lọ́wọ́ Àlàájì, Yorùbá láti Nàìjíríà tó ń ta epo àti ohun èlò ọkọ̀ ní ẹ̀bá títì wa. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun yóò gbé ẹ́ńjìnnì wálé. Ìyá Àgbà gbé ọ̀kẹ̀lẹ̀ iyán rẹ̀ dúró.

“Ilé ta ni ó ti ń bọ̀?”

“Ìyá, ẹ́ńjìnnì ni.”

“Mo gbọ́. Mo ní ilé ta ni ó ti ń bọ̀? Ohun tí yóò wọ ilé mi, tí àwọn ọmọ-ọmọ mi yóò jókòó sẹ́yìn rẹ̀, n kò ní ṣe ìwádìí rẹ̀?”

Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí Ìyá Àgbà jẹ́ fún yín. Ní Bantè nígbà náà, bí ọmọkùnrin bá rí ọmọbìnrin tó wù ú, àwọn òbí rẹ̀ kì í ta pútú láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ rán àgbà obìnrin lọ wo ilé náà. Ìyá àgbà wa ni wọ́n ń rán jù. Kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹbí ọmọge. Á kàn jókòó sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò wọn, á ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Kí omi tó tán nínú igbá, ó ti mọ ẹni tó ń bínú, ẹni tó ń jalè, ẹni tó kọ ọkọ, àti ìdí tó fi kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí, òun ló wo ilé ìyá yín kí wọ́n tó fẹ́ ẹ.

Bí ó bá ń lọ sí ìwádìí, ọmọdé ló máa ń mú lọ, torí pé ẹnu àwọn ènìyàn máa ń rọ̀ níwájú ọmọdé. Èmi ni ó mú. Ó ró ìró rẹ̀ tó dára, ó so gèlè, mo gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lérí, a lọ sọ́dọ̀ Àlàájì, bàbá mi ń tẹ̀ lé wa tòun ti ọ̀pá rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì náà rẹwà. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aró, ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó síwájú rẹ̀, ó wò ó títí.

“Àlàájì, níbo ni eléyìí ti wá?”

“Kútọnù ni, Màmá. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé.”

“Ṣáájú ọkọ̀ ojú omi ńkọ́?”

“Wọ́n ní ara ọkọ̀ èrò kan nílùú òyìnbó ni wọ́n ti yọ ọ́.”

“Ta ló wa ọkọ̀ náà? Ṣé ó ń tọ́jú rẹ̀ ni àbí ó ń nà án? Kí ló tú wọn ká?”

Àlàájì rẹ́rìn-ín títí tó fi di fìlà rẹ̀ mú. “Màmá, ẹ má bínú, ẹ́ńjìnnì ni mò ń tà o, kì í ṣe ọmọge!”

“Ta ló wá ní kí o kun àtíkè fún un?”

“Kó lè rẹwà ni, Màmá.”

“Ẹn-ẹ́n. Ẹni tó fẹ́ arẹwà, ó fẹ́ ìyọnu.” Ó dìde, mo gbé àpótí.

Inú Àlàájì kò bàjẹ́. Ó fún mi ní bisikíìtì, ó sì fa bàbá mi sẹ́yìn, ó sọ òtítọ́ fún un pé ẹ́ńjìnnì yẹn fẹ́ràn eré, pé bí ó bá ru iṣu Akpassi, igbe ni yóò máa ké. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, Savalou ni a lọ, sí ọgbà Ọ̀gá Bàsíìlì, mẹkáníìkì tí bàbá mi mọ̀ láti bárékè. Ẹ́ńjìnnì kan wà níbẹ̀ tó tóbi bí ẹṣin tó dùbúlẹ̀, ara ọkọ̀ agbégẹdú ni wọ́n ti yọ ọ́. Bàbá mi rí i, ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá tán, ẹ́ńjìnnì kò tán. Bàbá mi ní kò burú, àwọn yóò gé iwájú ọkọ̀ díẹ̀. Ọ̀gá Bàsíìlì ń họ orí. Ìyá Àgbà yí ẹ̀yìn sí wọn. Òdì kejì títì ló lọ, sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń yan ẹ̀pà nínú yanrìn gbígbóná, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Èmi jẹ ẹ̀pà, òun ń mu omi díẹ̀díẹ̀, èdè Màhì ni wọ́n ń sọ, èyí tí Ìyá Àgbà gbọ́ bí ẹni pé Savalou ni wọ́n bí i sí.

Ẹlẹ́pà sọ fún un pé alágbára ni ẹ́ńjìnnì yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣàìsàn, Kútọnù ni oògùn rẹ̀ wà, àti pé gbogbo àwọn tó gbé e lọ ló gbé e padà. “Bó bá jẹ́ èyí tó dára lẹ ń wá,” ni ẹlẹ́pà wí, “ẹ lọ wo ti Màmá Àgátà onílọta, lẹ́yìn ọjà. Iná mànàmáná ti dé ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń sinmi.”

Bàbá mi bínú. Ó ní òun kò wá sí Savalou láti wá ra ẹ̀rọ ìlọta. Ewé iṣu ti ń pọ́n lóko, àkókò ń lọ, ìyá rẹ̀ sì ń kọ gbogbo ẹni tó fọkàn sí. Ṣùgbọ́n ta ló lè bá ìyá rẹ̀ jà láàárín ìlú onílùú? Ó tẹ̀ lé wa lọ, ó fa ojú ro.

Ilé ìlọta náà funfun láti òrùlé dé ilẹ̀. Ìyẹ̀fun àgbàdo ti bo gbogbo nǹkan, ó bo ìpéǹpéjú Màmá Àgátà pàápàá. Opó ni, ènìyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Ó fi èdè Màhì kí wa káàbọ̀ pé, “Kúàbọ̀, kúàbọ̀,” ó bu omi fún wa kí Ìyá Àgbà tó sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, inú Ìyá Àgbà sì dùn sí i lójú ẹsẹ̀. Ní kọ̀rọ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, wọ́n fi àpò bò ó bí ẹni tó ń sùn. Àwọn obìnrin tó wá lọ àgbàdo kó ara wọn jọ, ìwádìí bẹ̀rẹ̀.

“Ṣé ó ń tètè jí láàárọ̀?”

“Ó ń jí ju èmi lọ,” ni Màmá Àgátà dáhùn.

“Ṣé ó máa ń jẹun jù?”

“Rárá o. Ìwọ̀nba ni.”

“Ó ti já yín kulẹ̀ rí?”

Àwọn obìnrin ló pariwo ìdáhùn. Ọ̀kan ní láti ìgbà tí òun ti wà ní wúńdíá ni òun ti ń lọ àgbàdo níbẹ̀, òun kò gbé àgbàdo padà sílé láìlọ̀ rí. Òmíràn ní ara ọkọ̀ olówùú ni wọ́n ti yọ ọ́ kó tó di ti ìlọta, òun sì mọ dírẹ́bà náà, ọkùnrin tí kì í bá ènìyàn jà. Ọkọ Màmá Àgátà, kó tó kú, kì í jẹ́ kí ọ́ìlì rẹ̀ dúdú kó tó pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá Bàsíìlì tó bá wa wá fi kún un pé irú rẹ̀ ló wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìlọta láti Savalou dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí mẹkáníìkì kékeré tí kò mọ àìsàn rẹ̀.

Ìyá Àgbà yíjú sí bàbá mi. “Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ wà nítòsí. Ó mọ iṣẹ́, kò gbéraga. Wọ̀n ọ́n.”

Bàbá mi gbé ọ̀pá imọ̀ lé e. Ó ṣe wẹ́kú. Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ rí eyín bàbá mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi tírákítọ̀ fa ọkọ̀ wálé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà dé Bantè, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó bu omi tútù sínú igbá, ó dà á sí ẹsẹ̀ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ́ńjìnnì fi ń jókòó, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó kó tó wọlé. Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Bàsíìlì wá sùn ti iṣẹ́ náà ní ilé wa. Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń gún iyán fún un pẹ̀lú ọbẹ̀ wàràgásì, ìyẹn wàrà tí àwọn Fúlàní ń ṣe, a sì ń jàǹfààní rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: nígbà tí wọ́n dé ibi tóóró kan láàárín ẹ́ńjìnnì àti ṣáásì tí ọwọ́ àgbà kò wọ̀, èmi ni wọ́n pè láti di nọ́ọ̀tì mú. Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú gírísì lábẹ́ èékánná, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́ kúrò.

Iṣu tuntun ku díẹ̀. Gbogbo àdúgbò péjọ láti wò ó. Bàbá mi wọ aṣọ ṣọ́jà rẹ̀ àtijọ́, ó gun orí ọkọ̀, ó ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì kò ṣe ìyọnu rárá, ó jí lójú ẹsẹ̀. Èéfín jáde, lẹ́yìn náà ni ìyẹ̀fun tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ tú jáde bùú, ó bo Ọ̀gá Bàsíìlì láti orí dé ẹsẹ̀. A hó yèè. Bàbá mi ki ọkọ̀ sí jíà, ọkọ̀ rìn! Ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Kò sí nǹkan kan. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Kù-kù-kù-kù, ohùn kan náà, ìrìn kan náà, ìrìn bàbá arúgbó tó ń bọ̀ láti oko. Jíà tó ga jù pàápàá, ọmọ tó gun kẹ̀kẹ́ ń kọjá lára rẹ̀.

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ gbé àgbàdo wá o!” Ẹ̀rín bú. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Bantè ti sọ ọkọ̀ wa ní Ọkọ̀ Ìlọta.

Ọ̀gá Bàsíìlì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ Màmá Àgátà ti di pọ́ńpù tó ń fún un ní gásóyìlì pa sí ìwọ̀n kan, kí ìyẹ̀fun lè kúnná déédéé. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u láìbà á jẹ́ wà ní ọ̀nà jíjìn, kò sì lè dé kí iṣu tuntun tó jáde. Ẹ ò rí i bí? A bi ẹ́ńjìnnì yẹn ní gbogbo ohun tí a ń bi nípa ìyàwó. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá ó mọ ìrìn àjò.

Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ ṣọ́jà rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ó parí. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn oníirin.”

Ìyá Àgbà dúró lé e lórí. “Ṣé ó rìn àbí kò rìn?”

“Ó rìn, Ìyá, ṣùgbọ́n...”

“Kí ni mo sọ fún ọ níjọ́sí? Mo ní kó dìde kó rìn. N kò ní kó sáré. Èmi ni mo ṣe ìwádìí rẹ̀, èmi ni n ó sì jókòó síwájú rẹ̀ lọ sí Akpassi. Bí wọn yóò bá rẹ́rìn-ín, kí wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín pa pọ̀.”

A lọ lóòótọ́. Ìyá Àgbà ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún bàbá mi, èmi wà láàárín wọn. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn kí wa, wọ́n bá wa sọ̀rọ̀ títí tí ìròyìn wọn fi tán, wọ́n kọjá lọ. Àwọn onízẹ́míjàn, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ń ju ọwọ́ sí wa, wọ́n ń béèrè bóyá àgbàdo wa ti kúnná. Bàbá mi tẹ ojú mọ́ ọ̀nà. Mo rí i tí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ń làágùn. A dé Akpassi, wọ́n kó iṣu sí i títí tó fi kún dé etí, iṣu tuntun tí erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ ń dùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Òjò gidi sì wá rọ̀. Nígbà tí a fi máa dé àfonífojì odò tó wà lójú ọ̀nà, ẹrẹ̀ ti dé orókùn. Ọkọ̀ mìíràn méjì ti há síbẹ̀. Àwọn dírẹ́bà wọn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà ń yí lófìfo, ó ń wa kòtò fún ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi agbára sáré tó ni wọ́n ń rì tó. Bàbá mi dúró díẹ̀, ó ki ọkọ̀ sí jíà tó kéré jù, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ohun gbogbo.

Kù-kù-kù-kù. Ẹ́ńjìnnì kò gbé ohùn sókè, kò rẹ ohùn sílẹ̀. Eyín táyà ń bu ẹrẹ̀ jẹ díẹ̀díẹ̀, kò sáré débi tí yóò yọ̀. Ìyá Àgbà di ọwọ́ mi mú, ó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, “Rọra, ìyàwó wa, rọra.” A gun òkè náà pẹ̀lú gbogbo iṣu Akpassi lẹ́yìn wa, bí ìgbà tí wọ́n ń lọ àgbàdo. Nígbà tí a dé orí rẹ̀, bàbá mi sọ̀kalẹ̀, ó mú okùn, ó fa ọkọ̀ kìíní jáde, ó fa ìkejì. Àwọn tó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ wà nínú àwọn tó bọ́ bàtà tì í.

A wọ Bantè ní ìrọ̀lẹ́. Ìròyìn ti ṣáájú wa, nítorí kò sí ìròyìn tí kò lè ṣáájú wa lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ń pariwo, “Ọkọ̀ Ìlọta dé o!” Orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti yàtọ̀ létí wa. Àlàájì bọ́ fìlà, ó ń jù ú sókè. Mo yọ orí síta kí gbogbo ọmọ kíláàsì mi lè rí mi. N kò ní purọ́ fún yín, n kò tíì gbéraga tó bẹ́ẹ̀ láyé mi láti ọjọ́ náà, kì í ṣe lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí, kì í ṣe lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Ìyá Àgbà sọ̀kalẹ̀, gèlè rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ó sì kéde pé àwọn oníirin kò gbọdọ̀ gba iwájú ilé òun kọjá mọ́.

Wọ́n tú pọ́ńpù náà nígbà tó yá, ọkọ̀ náà sì mọ eré díẹ̀. Bàbá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó.

Ayé ti yí padà báyìí. Títì ọlọ́dà ti gba Bantè kọjá, a kì í fi ọjọ́ kan lọ Savalou mọ́. Ọmọkùnrin mi fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì fún ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, fọ́tò rẹ̀ ló wò lórí fóònù, ó tẹ fóònù, wọ́n gbé e dé. Mo bi í pé ta ló lò ó tẹ́lẹ̀, ó wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ìyàwó pàápàá, orí fóònù kan náà ni wọ́n ti ń rí i. N kò ní ayé ìsinsìnyí burú o. Àwọn ọmọ wa kì í ha ẹrẹ̀ táyà kí wọ́n tó jẹun, àwọn aboyún sì ń tètè dé ilé ìwòsàn. Àmọ́ nígbà tiwa, a máa ń béèrè ìwà ohun tí a fẹ́ mú wọlé kí a tó béèrè ẹwà rẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ ṣì í béèrè, a máa ń dúró ti ohun tí a yàn, a ó sì bá a gun òkè.

Ìyá Àgbà ti lọ. Bàbá mi wà láyé, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, abẹ́ igi káṣù ló máa ń jókòó sí. Èmi ni mo jogún wíwa ọkọ̀ náà, ó kọ́ mi fúnra rẹ̀. Mo ní ọkọ̀ kékeré tuntun kan pẹ̀lú, èyí tí kì í pariwo rárá. Bí mo bá gbé ọkọ̀ tuntun náà wọ àgbàlá, bàbá mi máa ń béèrè pé, “Ta nìyẹn?” Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ṣọ́jà ni mo wà wálé, mo ṣì wà lọ́nà jíjìn nígbà tó máa ń dìde, á wá ọ̀pá rẹ̀, á na ẹ̀yìn rẹ̀ ró ṣánṣán, á sì gbé ọwọ́ sí iwájú orí bí ṣọ́jà tó ń kí ọ̀gá rẹ̀, títí n ó fi pa ẹ́ńjìnnì.